Ẹni Tó Ń Bá Ẹsẹ̀ Ààrá Ṣubú

Bí ẹ bá dé ilé iṣẹ́ Àjọ Sinimá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ẹ bá akọ̀wé owó gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, tí obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fẹ̀yìn lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí awakọ̀ sì dojú bolẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré gbé ẹnikẹ́ni dìde. Kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà. Ọ̀gá wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá.

Ọ̀gá náà ni Alága Àjọ Sinimá. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun ni akọni inú fíìmù kọ́nfú kan tí gbogbo ìlú wò títí wọ́n fi mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí. Nínú fíìmù ọ̀hún, á fò bí ẹyẹ, á pòòyì lójú sánmà, á sì fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo da ọkùnrin mẹ́fà nù bí ẹni da omi ìfọṣọ nù. Ẹsẹ̀ Ààrá ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Orúkọ yẹn ló wá ipò fún un lọ́dọ̀ ìjọba. Ipò wá mọ́tò, mọ́tò wá ikùn, ikùn náà ló sì máa ń kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì láràárọ̀ kí Alága fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Tó bá ti wọlé, á dúró, á di ẹ̀ṣẹ́, á fi ẹ̀ṣẹ́ náà lé àtẹ́lẹwọ́ kejì, á wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Ewúrẹ́ tó fẹ́ ré okùn kọjá ń gbé tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yẹn bá ti kúrò nílẹ̀ báyìí, gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà nítòsí gbọ́dọ̀ ṣubú. Ẹni tó bá ṣubú dáadáa, tó tún fi ìkérora sí i, ọ̀nà ìgbéga ti là fún un. Níbi iṣẹ́ mìíràn, òkè ni èèyàn ń gùn kó tó dé òkè. Níbẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Àgbà Akọ̀wé, ẹni tó sún mọ́ Alága jù, ti fi tìmùtìmù pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló sì máa ń ṣubú sí. Ìdí nìyẹn tí ìgbéga rẹ̀ fi yá ju ti gbogbo èèyàn lọ, tí ìbàdí rẹ̀ kò sì dùn ún rí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í ṣubú. Obìnrin kan ni, ó wà nínú yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó fíìmù àtijọ́ sí, níbi tí òórùn kíkan ti gba gbogbo afẹ́fẹ́, nítorí bí fíìmù bá ti ń gbó ló ń kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tún àwọn fíìmù náà ṣe, kó gé èyí tó bàjẹ́, kó so èyí tó já. Agéfíìmù ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tí kì í ṣubú, ó ní, "Fíìmù wà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá ṣubú, á já." Kò sẹ́ni tó tún bi í mọ́. Àmọ́ ìdí gidi wà nílé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ìyá rẹ̀ ni. Aránṣọ ni màmá náà lónìí, ìkùukùu sì ti ń bo ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ ló fi ń wá ihò abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó di aránṣọ, Ológbò ni wọ́n ń pè é láàárín àwọn tó ń ṣe fíìmù, torí pé ibi yòówù kí wọ́n ti jù ú sílẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń balẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fíìmù Ẹsẹ̀ Ààrá, kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ọmọkùnrin tí wọ́n mú ṣe akọni ní ojú tó wu èèyàn, àmọ́ kò ní ẹsẹ̀. Tó bá fò, bí àpò sìmẹ́ńtì ló ń balẹ̀. Wọ́n bá lọ wá Ológbò. Wọ́n wọ ẹ̀wù ọmọkùnrin náà sí i lọ́rùn, wọ́n de wíìgì mọ́ ọn lórí. Gbogbo fífò tí Ẹsẹ̀ Ààrá fò nínú fíìmù náà, Ológbò ló fò ó. Gbogbo ibi tó ti ṣubú, òun ló bá a ṣubú. Lọ́jọ́ ìjà ìkẹyìn, oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀. Ó so bẹ́líìtì sókè díẹ̀, ó sì fò.

"Èmi àti ìwọ la jọ fò ó," ló máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀. "Bí mo ṣe ń ta wọ́n nípàá ni ìwọ náà ń ta mí."

Orúkọ rẹ̀ kò sí níparí fíìmù náà. Ohun kan ṣoṣo tó sì ń fẹ́ nìyẹn kí ìkùukùu tó dí ojú rẹ̀ pátápátá: kó rí orúkọ ara rẹ̀ lójú aṣọ sinimá, gàdàgbà-gadagba, níbi tí ojú tó ń kú lọ ṣì ti lè rí i.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ nípa irú fíìmù wọ̀nyẹn, nítorí àwa tí a fẹ́ràn wọn jù ló yẹ kó sọ ọ́. Ẹni tó bá dúdú jù ni yóò kọ́kọ́ kú, á sì ti rẹ́rìn-ín dáadáa kó tó kú, kó lè dùn wá díẹ̀. Ẹni tó bá sanra, alásè ni, ìkòkò ni wọ́n á sì fi lù ú. Ẹni tó bá ti òkè òkun wá, tó wá tún ní irunmú, ó ti dalẹ̀ kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ńkọ́? Wọ́n á gbé e lọ, á máa ké, wọ́n á lọ gbé e wá. Ó tán. Ohun tó sì dùn jù nínú ti Ẹsẹ̀ Ààrá ni pé obìnrin tó ń fò kiri láti lọ gba obìnrin tó ń ké náà sílẹ̀, ọkùnrin ni wọ́n fi wíìgì sọ ọ́ dà. Àwa ọmọdé ìgbà náà jókòó sínú òkùnkùn, a ń wá ẹni tó jọ wá tó borí, a ò rí i. Ó wà níbẹ̀. Wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan, Alága pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn, ó gun orí àpótí.

"Ẹ̀yin ọmọ abẹ́ ẹsẹ̀ mi," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Fíìmù mi yóò padà wá, tuntun yọyọ. Mínísítà ń bọ̀ wá wò ó. Mínísítà sì ti wí pé òun ò ní jókòó wo fíìmù tí kò bá ṣojú gbogbo èèyàn. Mo dá a lóhùn pé láti inú ìyá mi wá ni mo ti ń ṣojú gbogbo èèyàn. Tí mo bá jẹun, gbogbo ìlú ló yó. Tí mo bá sùn, gbogbo ìlú ló sinmi. Tí mo bá sín, ẹ̀yin lẹ kí ara yín kú ewu."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àgbà Akọ̀wé ṣubú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ẹsẹ̀.

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Ìṣojú Gbogbo Èèyàn sílẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni àbúrò Alága, ọmọ ẹ̀gbọ́n Alága, ọkọ àbúrò Alága, Àgbà Akọ̀wé, àti Alága fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn ló ga, gbogbo wọn ló pupa, irú awò ojú kan náà sì ni wọ́n wọ̀. Agéfíìmù na ọwọ́ sókè, ó béèrè pé ta ló ń ṣojú àwọn obìnrin.

Alága gbá àyà. "Èmi ni. Obìnrin ló bí mi."

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí àwọn arúgbó inú fíìmù náà fi gbọ́, tí wọ́n sì wá sí ọ́fíìsì. Baba kan tó dúdú bí èédú, tó ga, tó sì ń fi ọ̀pá rìn, ló ṣáájú wọn. Akọ́kọ́kú ni wọ́n ń pè é, torí pé kò sí fíìmù tó ṣe láyé rẹ̀ tó pẹ́ níbẹ̀. Nínú ti Ẹsẹ̀ Ààrá, kò tíì bu oúnjẹ kejì sẹ́nu tí idà fi bá a. Ẹ̀rín kan wà tó máa ń rín kó tó kú, ẹ̀rín tó ń ti inú ikùn bọ̀ bí òkúta tó ń yí gba orí páànù. Gbogbo ẹni tó ti dàgbà nínú ìlú ló mọ ẹ̀rín náà. Ológbò dì í lọ́wọ́ mú, ọmọ rẹ̀ sì dúró sẹ́yìn wọn.

"Alága," ni Akọ́kọ́kú wí, "a ò wá gba nǹkan ńlá. Orúkọ wa la fẹ́ kí ẹ kọ síparí rẹ̀, kí àwọn ọmọ ọmọ wa lè rí i. Kí ẹ sì fún wa láyè ìjókòó lọ́jọ́ náà."

Alága ronú. Àgbà Akọ̀wé náà ronú, kó má bàa dà bí ẹni tí kò ronú.

"Ẹ̀dùn ọkàn yín ti yé mi," ni Alága wí níkẹyìn. "Ó ti sú yín láti máa kú."

"Rárá o. A ti kú tán. Orúkọ la wá."

"Baba, ẹ má tijú, mo mọ ohun tó ń dùn yín. Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni, kí dúdú máa kọ́kọ́ kú. Mo sì pa á láṣẹ lónìí pé ẹ ò ní kú mọ́ nínú fíìmù mi."

"Báwo la ṣe máa ṣe é tí a ò ní kú?"

"A ó yọ yín kúrò. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, kò sí bó ṣe lè kú níbẹ̀."

Ọgbọ́n yìí wọ Àgbà Akọ̀wé lára, ó wá ibi tí ilẹ̀kùn wà, ó lọ ṣubú sẹ́yìn rẹ̀.

Akọ́kọ́kú yíjú sí Ológbò. "Ológbò, wọ́n ti jí mi dìde, wọ́n sì ti lé mi jáde lẹ́ẹ̀kan náà."

Ológbò kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ibi tí ohùn Alága ti ń wá. "Èmi ńkọ́?" ló wí. "Èmi ò kú ní tèmi. Èmi ni mo bá ọ fò."

"Ta ni màmá yìí?" Ọdún mẹ́ta péré ni màmá yìí fi jù ú, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ̀ ọ́n nínú ohùn rẹ̀. "Màmá, ẹ kú ọjọ́ ogbó. Ẹsẹ̀ mi rèé, ó ń ro mí títí di òní níbi tí mo ti fi gba ìlú là." Ó lu orúnkún ọ̀tún.

"Ìyẹn kọ́," ni Ológbò wí. "Ẹsẹ̀ òsì ni mo ń jù."

Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé Alága kò parọ́. Èèyàn tó bá ń gbé ẹsẹ̀ sókè láràárọ̀, tí àwọn àgbàlagbà ń wó lulẹ̀, tí wọ́n ń kérora, ẹ fún un ní ọdún díẹ̀, á gbà gbọ́. Ó ti gbàgbé Ológbò bí èèyàn ṣe ń gbàgbé àkàbà tó fi gun òrùlé. Ó ní kí ẹ̀ṣọ́ sìn wọ́n dé ẹnu géètì, ó sì kọjú sí Agéfíìmù. "Bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí."

Agéfíìmù bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti da fíìmù náà sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí sì lè pa èèyàn rẹ́ kúrò nínú àwòrán bí ẹni fi àkísà nu tábìlì, kí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ hàn bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò dúró níbẹ̀ rí. Ó kọ́kọ́ pa Akọ́kọ́kú rẹ́, tàwo toúnjẹ. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ní kò dára kí wọ́n máa fi ìkòkò lu ẹni tó sanra. Wọ́n yọ alásè. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ òkè òkun lè dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n yọ onírunmú. Wọ́n ní kò bójú mu kí ọkùnrin máa gbé obìnrin sá lọ. Wọ́n yọ obìnrin, wọ́n yọ ẹni tó gbé e, ẹṣin tí wọ́n fi gbé e nìkan ló kù tó ń sáré lọ. Ọkọ àbúrò Alága wá ṣàkíyèsí pé olórí àwọn ọ̀daràn pá lórí, òun náà sì pá lórí. Wọ́n yọ olórí ọ̀daràn pẹ̀lú gbogbo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n padà yọ ẹṣin, kó má bàa dà bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi.

Gbogbo ìgbà tí Agéfíìmù bá pa ẹnì kan rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń wúwo sí i. Àwọn tí kò rí àyè tó dáa nínú fíìmù yẹn tẹ́lẹ̀, ó kéré tán wọ́n rí ibi kú sí. Lọ́wọ́ tirẹ̀ ni wọ́n wá ń pàdánù ìyẹn náà.

Níkẹyìn, Ẹsẹ̀ Ààrá nìkan ló kù. Ó wọ ọjà tó ṣófo, ó bínú sí ògiri, ó fò, ó bá afẹ́fẹ́ jà, ó borí, ó sì na ọwọ́ sí ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti gbé e dìde. Gbogbo rẹ̀ kò gùn tó àkókò tí èèyàn fi ń mu tíì.

"Ó kúrú," ni Alága wí. "Mínísítà ò lè wọ mọ́tò wá fún eléyìí. Kí la lè fi fà á gùn?"

Àgbà Akọ̀wé ní, "Alága, ẹsẹ̀ yín ni. Ó ń yára jù. Aráyé ò tíì jẹ adùn rẹ̀ tán tó fi ń lọ. Ẹ jẹ́ kó máa rọra lọ."

"O gbọ́n. Kó rọra. Kí ìran tó ń bọ̀ lè ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi."

Agéfíìmù dìde dúró. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí n sọ nǹkan kan. Ìgbà tí fíìmù yìí ń sáré, tí èèyàn kún inú rẹ̀, tí eruku ń sọ, kò sẹ́ni tó lè rí ojú ẹni tó ń fò. Tá a bá yọ gbogbo èèyàn kúrò, tá a tún wá mú un rọra, gbogbo ayé ló máa rí ẹni náà."

"Ohun tí mo ń wí nìyẹn. Kí wọ́n rí mi."

"Sà, kì í ṣe ẹ̀yin. Ìyá mi ni. Ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ rẹ̀ síparí rẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán níbẹ̀, kò ní tì yín lójú."

Àgbà Akọ̀wé ń wo ilẹ̀ bóyá ó yẹ kí òun ṣubú sí ọ̀rọ̀ yìí. Alága rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, ẹ̀rín bàbá tí ọmọ rẹ̀ sọ pé òun rí ẹja tó ń wọ bàtà.

"Orúkọ kan ló máa wà níparí rẹ̀," ló wí. "Tèmi. Tó o bá tún sọ̀rọ̀ ìyá ẹ nínú ọ́fíìsì yìí, wá iṣẹ́ mìíràn lọ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Agéfíìmù jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

"Màmá, mo lè pa ojú yín rẹ́. Mo lè fi ojú Alága lé e, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Iṣẹ́ mi ò ní bọ́, àwọn èèyàn ò sì ní fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Bí mi ò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀."

"Ṣé ó ní kó o yọ mí?"

"Rárá. Ó ní ẹ ò sí níbẹ̀."

Ológbò tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó rán ojú aṣọ kan tán kó tó dáhùn. "Nígbà náà, fi mí sílẹ̀ síbi tí mi ò sí."

Wọ́n ṣe àyẹ̀wò fíìmù náà nínú ọ́fíìsì kí ọjọ́ tó pé. Ẹ fetí sílẹ̀ síbí o, nítorí ibí ni ìparun ọkùnrin yìí ti wá. Alága jókòó níwájú, ṣùgbọ́n ó yí àga rẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí fíìmù, ó kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́, kó lè rí ẹni tí yóò ṣubú dáadáa. Bí ẹsẹ̀ ṣe gbéra lójú aṣọ, gbogbo òṣìṣẹ́ wó lulẹ̀ pátá. Àwọn tó wà nílẹ̀ kò rí nǹkan kan ju ẹsẹ̀ àga lọ. Alága kò rí nǹkan kan ju àwọn tó wà nílẹ̀ lọ. Agéfíìmù nìkan ló rí fíìmù náà.

"Ó ti pé," ni Alága wí, ó nu omijé. "Mi ò tíì rí fíìmù tó dùn tó báyìí rí."

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Mínísítà jókòó níwájú. Obìnrin kékeré kan ni, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìgbìmọ̀ gba àga tó kù níwájú. Akọ́kọ́kú àti àwọn arúgbó yòókù ra tíkẹ́ẹ̀tì bí gbogbo èèyàn, wọ́n lọ dúró lẹ́yìn. Agéfíìmù gbé àpótí kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ sinimá fún ìyá rẹ̀, nítorí pé ojú màmá kò lè rí ọ̀nà jíjìn mọ́, ó sì wọ yàrá tí ẹ̀rọ tó ń fi fíìmù hàn wà lọ.

Alága sọ̀rọ̀. Ó kí Mínísítà, ó kí ara rẹ̀, ó kí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ìdájọ́ òdodo ti dé sínú fíìmù, pé ẹ̀yà kankan ò ní kú mọ́, pé obìnrin kankan ò ní ké mọ́. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, wọ́n pa iná.

Ẹsẹ̀ Ààrá wọ inú ọjà tó ṣófo. Ó bínú.

"Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?" ni obìnrin kan béèrè nínú òkùnkùn.

"Bóyá owó ìyá rẹ̀ ló sọ nù," ni ẹlòmíràn dá a lóhùn.

Ó sáré, ó ń lé ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ó dúró sórí òrùlé, ó bú afẹ́fẹ́. Àwọn èèyàn ti ń pòṣé. Ìgbà náà ló wá fò.

Ó fò wẹ́ẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ òsì dìde kúrò nílẹ̀ bí oòrùn òwúrọ̀ ṣe ń yọ, kò kánjú, ó ga, ó tún ga sí i, ó tọ́ gan-an bí ìlà tí a fi rúlà fà. Ó lẹ́wà débi pé àwọn tó ń pòṣé na ọrùn láti wò ó. Níbi tí ọkùnrin mẹ́fà ti wà rí, òfúrufú nìkan ló wà, kò sí ohun mìíràn tí ojú lè wò ju ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà lọ. Wíìgì wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ó yọ̀ díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn bí ẹran tó ń yọ orí kúrò nínú okùn. Irun dídì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ojú obìnrin yọ lábẹ́ irun, ojú ọ̀dọ́, ó fi eyín di ètè mú. Ẹ̀wù fẹ́ sókè. Lábẹ́ bẹ́líìtì, ikùn kan wà tó rí rogodo, tó sì dájú pé kì í ṣe ikùn oúnjẹ.

Àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Sinimá tó wà nínú gbọ̀ngàn ti ṣubú kúrò lórí àga wọn, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Láti ilẹ̀ ni wọ́n ti gbé orí sókè wò ó, wọ́n sì rí ẹni tí wọ́n ti ń ṣubú fún láti ọjọ́ yìí wá.

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀. Ó ti inú ikùn wá, ó ń yí bọ̀ bí òkúta lórí páànù. Wọ́n ti pa Akọ́kọ́kú rẹ́ kúrò nínú fíìmù, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà tó lè yọ ọ́ kúrò lórí ìdúró rẹ̀. "Ológbò ni," ló wí. "Ológbò wa ni yẹn."

Ẹ̀rín náà ran gbogbo èèyàn. Àwọn tó ti dàgbà mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń na ìka sí i, àwọn ọmọ wọn ń bi wọ́n. Wọ́n tan iná.

Mínísítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Alága," ló pè é, "oyún wo nìyẹn?"

Alága dìde. Òógùn ti bo awò ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ìjà ni, Mínísítà. Afẹ́fẹ́ ni mo gbé mì kí ara mi lè fúyẹ́."

"Irun dídì ńkọ́?"

Alága wo Àgbà Akọ̀wé. Àgbà Akọ̀wé wo ìsàlẹ̀ àga rẹ̀. "Ẹ rántí," ni Alága wí, "pé nínú Ìgbìmọ̀ Ìṣojú, èmi ni mo ń ṣojú àwọn obìnrin."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Mínísítà fara ti àga. "Ju ẹsẹ̀ yẹn kan fún wa, ká rí i."

Ọkùnrin náà gun orí pèpéle. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó fi lé àtẹ́lẹwọ́, ó sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò nílẹ̀ díẹ̀, bó ṣe ń gbé e láràárọ̀. Ó dúró. Ó ń retí.

Akọ̀wé owó wo obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin náà wo awakọ̀. Awakọ̀ wo ojú Mínísítà, ó gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì jókòó dáadáa. Kò sẹ́ni tó ṣubú.

Alága gbé e sókè díẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó ṣubú síbẹ̀. Ó wá gbé e ga ju bó ṣe gbé e rí láyé rẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíga àga, ẹsẹ̀ kejì tó fi dúró sì ronú sí ọ̀rọ̀ náà, ó rí i pé iṣẹ́ yìí kò sí nínú àdéhùn. Ó yẹ̀. Ikùn ṣáájú, Alága tẹ̀ lé e. Àpò sìmẹ́ńtì kọ́ ló dún, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fíìmù ọ̀hún mọ ìró náà.

Ológbò ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fọwọ́ wá orí rẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀, ó wò ó bóyá ó fi orí gbá. Kò fi orí gbá.

"Mo ti sọ fún ọ nígbà yẹn," ló wí fún un bí ẹni ń bá ọmọ ilé sọ̀rọ̀. "Tó o bá ń ṣubú, tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, kó o sì yí. O ò gbọ́."

Alága ń fọwọ́ wá awò ojú rẹ̀ nílẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ọ ṣubú," ni Ológbò wí. "Èyí, ìwọ lo ni ín."

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Alága. Wọ́n ní ó ṣì máa ń gbé ẹsẹ̀ sókè nínú pálọ̀ rẹ̀ láràárọ̀, àmọ́ ìyàwó rẹ̀ kàn ń sọ fún un pé kó gbé e kúrò lójú ọ̀nà, òun ń gbálẹ̀. Àgbà Akọ̀wé gbé tìmùtìmù rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn. A gbọ́ pé wọ́n ti gbé e ga níbẹ̀.

Agéfíìmù dá gbogbo èèyàn padà sínú fíìmù náà, ẹṣin pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí wọ́n tún un fihàn, Akọ́kọ́kú jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, idà bá a, gbogbo gbọ̀ngàn sì dìde pàtẹ́wọ́ fún ikú rẹ̀ títí ó fi ní láti tẹríba. Kò dáa kí dúdú máa kọ́kọ́ kú, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kò sì ṣe é pa rẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn lè mọ ẹni tó kú. Ní ìparí, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú aṣọ. Agéfíìmù tò wọ́n bí wọ́n ṣe kú tẹ̀ léra wọn, nítorí náà Akọ́kọ́kú ló ṣáájú. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyí tí kíkọ́kọ́ kú ṣe òun láǹfààní.

Ẹni tí kò kú ló kẹ́yìn. Orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni ọmọ rẹ̀ kọ, ó kọ ọ́ tóbi, ó sì dá a dúró lójú aṣọ kó má lọ. Ìkùukùu ti dí ojú Ológbò ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Láti orí àpótí rẹ̀, funfun lásán ló ń rí. Ó dìde. Ó rìn lọ bá aṣọ sinimá náà títí tí ìmọ́lẹ̀ fi bò ó, tí àwọn lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ń hàn lára ẹ̀wù rẹ̀ àti lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ ti dí orúkọ yẹn mọ́ wa lójú."

"Èmi ni mo ni ín," ni Ológbò wí. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó tán."